Àjẹ̀ Ìyá Onísinimá

Ó ku wákàtí kan kí fèrè iná, tó ń lé gbogbo ìlú wọlé nítorí ooru ọ̀sán, dún, Ìbídùn àti ìyá rẹ̀ sì ṣì ń fa ọ̀rọ̀ àjẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni ni mo wí," ìyá rẹ̀ sọ láti orí ibùsùn. "Apá òkè ni kí o gbìn ín sí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Bí o ṣe ń wo ilẹ̀ ni mi ò fẹ́."

Ìbídùn gbé àjẹ̀ náà kúrò lára ògiri. Igi rẹ̀ ti dán níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti máa ń dì í mú. Ewé rẹ̀, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ tó máa ń wọ omi, ti já létí kan. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti wọ omi kẹ́yìn. Òkun ti gbé Ebúté-Ìpín mì, pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú ọjà, pẹ̀lú sàréè àwọn baba, ìjọba sì kó àwọn tó kù wá sí Orí-Àpáta, níbi tí èèyàn kì í ti rí omi àfi tó bá ṣí ẹ̀rọ. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan rí gbé bọ̀ ni àjẹ̀.

Lórí omi, bí ọ̀rọ̀ ìlú bá délẹ̀, ọkọ̀ tó bá gbà á wà lọ sí apá òkè odò, èyí tí kò bá gbà á wà lọ sí ìsàlẹ̀. Orí-Àpáta ò ní odò. Inú iyanrìn ni wọ́n ń gbin àjẹ̀ sí báyìí, ilé kan, àjẹ̀ kan, òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ló ni àjẹ̀. Bí kò bá lè jáde, ẹni tó bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ yí i. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣọ́ èyí. Ìtìjú nìkan ló ń ṣọ́ ọ.

"Mo ti dá rẹ́rìn-ín tó," ni Màámi tún sọ. "Gbogbo yín ti dá rẹ́rìn-ín tó. Máa lọ, kí fèrè má baà bá ọ lójú ọ̀nà."

Kí Ìbídùn tó jáde, ó wo ojú òtútù, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ilé, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní ìlà kejì. Ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ara Màámi ti fi lílàágùn sílẹ̀ láti ọdún márùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sì gbé e mọ́. Dókítà tó wò ó kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, Ìbídùn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí abẹ́rẹ́ yẹn bá kọjá ìlà kẹrin, tó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan, kí wọ́n má wulẹ̀ pe òun mọ́, kí wọ́n pe agbẹ́lẹ̀.

Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló ń tún páìpù òtútù, tó ń mú inú ilé tutù, ṣe ní àdúgbò náà. Kò sí ilé-ìwé tó kọ́ ọ. Ó tú páìpù, ó dì í, ó tún tú u títí ó fi yé e. Ohun tó fi fẹ́ràn páìpù ni pé kì í tan èèyàn. Bó bá jò, ó jò.

*

Nígbà tó dé abẹ́ ìbòrí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, oòrùn ti gun orí òrùlé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó ṣófo ni wọ́n ta ìbòrí náà sí. Láàárín ilẹ̀ náà ni ihò ńlá kan wà tí Ilé Ètò Ìlú gbẹ́ lóṣù tó kọjá láti fi wo irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ó jìn tó ìdúró èèyàn méjì, ó ní àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi páànù bo orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sinimá sí, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ilé Ètò rán wá dúró lórí àpótí. Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀. Agbẹnusọ wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ, tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹnu ọmọkùnrin náà ń mì díẹ̀, ohùn tó ń jáde lọ́rùn rẹ̀ sì ń gùn.

"Ẹ̀yin ìràwọ̀ tí òkun ò lè pa," ni agbẹnusọ ń wí, "ẹ̀yin tí ìjì gbé, tí ìjì tún bọlá fún, ilé sinimá yìí ni àtùpà tí yóò so ọkàn mọ́ ọkàn bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Ọmọ yóò rí ẹ̀rín lójú baba. Baba yóò rí ọ̀la lójú ọmọ."

"Kí lọmọ yẹn sọ gan-an?" Ìyá Fadérera béèrè lọ́wọ́ Ìbídùn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sán, Ìbídùn máa ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà láti inú ògiri, òun nìkan, pẹ̀lú awò tó ń fi ìtàn han ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lójú.

"Ó ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé sinimá."

"Ìyẹn la ti mọ̀ kó tó dé."

Bàbá Orímisan, tó ń darí ìpàdé, fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni, ohùn rẹ̀ sì ṣì ń kọjá odò tí kò sí mọ́. "Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ kúkúrú. Fèrè ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Gbémiga ló kọ́kọ́ dìde. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù, ó sì ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Èmi fẹ́ ẹ," ó ní. "Mo máa sọ ìdí. Ẹ mọ̀ pé awò máa ń mọ̀ bí ojú ọmọ bá ti ń fà ro, tí á sì yí òpin ìtàn padà fún un. Ọmọ mi ò tíì rí ìtàn tó parí lọ́nà tí kò fẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, adìẹ rẹ̀ kú. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń dúró kó jí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbémiga jókòó.

"Èmi ò fẹ́ ẹ ní tèmi," Ìyá Fadérera wí láì dìde. "Awò mi mọ̀ mí. Ta ló fẹ́ lọ jókòó sínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Gbémiga?"

"Màá bọ́ bàtà sílé, mà," Gbémiga dáhùn.

"Ìyẹn ló burú jù."

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ìbídùn ti na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Òfin ìlú ni pé bí ará ìlú bá na àtẹ́lẹwọ́ báyẹn, tó sì ní "lọ́rọ̀ mẹ́wàá," agbẹnusọ ò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ nínú èsì, kò sì gbọdọ̀ purọ́. Nínú gbogbo òfin tí ìjọba ti ṣe, èyí nìkan ni Ìbídùn ò ní èébú fún.

"Lọ́rọ̀ mẹ́wàá," ó ní. "Láti aago méjì sí mẹ́rin, nígbà tí ẹ bá yọ̀ǹda ọ̀nà fún wa láti lọ wo sinimá, kí ni òtútù inú ilé wa máa ṣe?"

Ohùn tó jáde báyìí gbẹ bí ìkòkò tó ṣófo. "Yóò dáwọ́ dúró. Gbogbo rẹ̀ yóò lọ sí ilé sinimá."

"Ẹni tí kò lè rìn dé ibẹ̀ ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kan yóò máa gbé wọn."

"Ẹni mélòó ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹyọ kan."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó lọ kó tó bọ̀?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Àwọn mélòó ni kò lè rìn ní Orí-Àpáta?"

"Mọ́kànlá."

Ìbídùn yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ ṣírò ó. Ẹni kọkànlá máa dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde. Ẹ lè délé bá òkú."

Kùn-ùn-kùn-ùn dìde lábẹ́ ìbòrí. Bàbá Orímisan bi ọmọkùnrin náà bóyá wọ́n lè tún ètò náà ṣe. Agbẹnusọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọgbọ́n ìyá tó ń pín oúnjẹ fún ọmọ púpọ̀. Bàbá Orímisan náà na àtẹ́lẹwọ́, agbẹnusọ sì gé e kúrú.

"Rárá. Ẹ gbà á tàbí kí ilẹ̀ di ilé ẹ̀rọ."

Ohun tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀rọ ò ṣàjèjì sí wọn. Ọ̀kan wà ní àdúgbò kejì, ó ń hó tọ̀sán tòru, kò sì sí ọmọ tó ń ṣeré lẹ́bàá rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjẹ̀. Ìbídùn dúró lẹ́yìn, ó ń kà á. Gbémiga gbin tirẹ̀ sókè. Ìyá Fadérera gbin tirẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì gún un mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kan ìṣó. Àwọn tó ní aláìlera nílé gbìn ín sísàlẹ̀. Àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ gbìn ín sókè. Àwọn tó ní méjèèjì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ogún wà lókè, ogún wà nísàlẹ̀. Ilé mọ́kànlélógójì ló wà ní Orí-Àpáta. Gbogbo ojú yí sí Ìbídùn.

Ó rìn lọ sí apá ìsàlẹ̀.

Ó dé ibẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ sókè láti gún un mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Màámi rán an. Bó bá délé, ó lè sọ pé apá òkè ni òun gbìn ín sí, pé àwọn yòókù ló borí. Irọ́ kékeré ni. Irọ́ tó máa jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dúró ní ìlà kejì.

Ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó rí aṣọ funfun tí Màámi fi ń ṣe sinimá, bó ṣe máa ń rí i láti kékeré: lọ́jọ́ Sátidé, Màámi á ta á sáàárín òpó méjì lójú omi, á tan jẹnẹrétọ̀, ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ á sún mọ́ra títí wọ́n fi ń kan ara wọn, gbogbo ìlú á sì rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé omi gan-an á mì. Ọwọ́ tó dì àjẹ̀ yìí mú nígbà náà ló rán an ní iṣẹ́.

Kò lè gbìn ín sísàlẹ̀. Ó yí padà. Kò sì lè gbìn ín sókè.

"Ìbídùn," Bàbá Orímisan wí, "fèrè ti fẹ́ dún."

Ìbídùn rìn padà sí àárín, níbi tí àjẹ̀ kankan kì í dúró sí. Ó dojú àjẹ̀ náà délẹ̀, igi rẹ̀ nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ lókè, ó sì gún un mọ́ iyanrìn.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ojú àwọn àgbà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?" Bàbá Orímisan béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo bá a nílé ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe gbé tirẹ̀ sókè lọ́jọ́ tí omi gbé wọn lọ. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà."

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń pè é?" Adégbìtẹ́ béèrè. Agbẹnusọ ò mọ bó ṣe máa tún ìyẹn ṣe, ó sọ ọ́ bó ṣe wà.

"Mò ń rì," arúgbó náà dá a lóhùn. "Ohun tó ń wí nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá rí ewé àjẹ̀ lókè, tí kò bá yí síbẹ̀, a kì í bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ jẹun mọ́." Ó yíjú sí Ìbídùn. "Ilẹ̀ la wà, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, sà. Màámi ń rì lórí ilẹ̀. Wọ́n ní kí n gbìn ín sókè. Mi ò lè gbìn ín sókè, mi ò sì lè purọ́ mọ́ wọn. Ẹ wá bá wọn sọ ọ́ fúnra yín."

Fèrè iná dún. Ó gùn, ó han, gbogbo ajá àdúgbò bá a hu. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù fún wọn láti wọlé. Lẹ́yìn náà, Ojú-Òpó, ẹ̀rọ tó wà lórí òpó gíga lẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá rí níta títí di aago mẹ́rin, ìyà rẹ̀ sì ni ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní kòtò ìlú. Bàbá Orímisan fa àjẹ̀ tirẹ̀ yọ nínú iyanrìn, ó gbé e sí èjìká.

"Ẹ yí ọkọ̀," ó ní.

*

"Ta ló kú?" ni ohun tí Màámi kọ́kọ́ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọlé.

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá Onísinimá," Bàbá Orímisan dáhùn.

"Kí lẹ wá ń wá nínú yàrá mi? Mi ò tíì wọ bùbá."

Wọ́n ń wọlé síbẹ̀. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan jókòó sórí àpótí, àwọn kan sórí ilẹ̀, àjẹ̀ wà láàárín orúnkún ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ Ilé Ètò wà lára wọn. Ọkọ̀ tó gbé e wá kì í gbéra lẹ́yìn fèrè, kò sì sẹ́lòmíì tó pè é wọlé.

Bàbá Orímisan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́ láì fi iyọ̀ sí i. Màámi gbọ́ ọ títí dópin, ó wá yí orí sí ọmọ rẹ̀.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kí o sọ."

"Mo ti gbé e dé apá ìsàlẹ̀, Màámi. Ó kù díẹ̀ kí n gbìn ín síbẹ̀."

"Tí o á sì délé wá purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àwọn èèyàn ń wo òrùlé. "Ó dára," Màámi ní níkẹyìn. "Ó sàn bí o ṣe sọ ọ́. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má dí afẹ́fẹ́ mi."

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe títí aago mẹ́rin. Àwọn kan fọwọ́ kan àpò wọn láti yọ awò, ojú sì tì wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, wọ́n ń kùn. Ìgbà náà ni Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn nípa sinimá kan tó máa ń fi hàn ní Ebúté-Ìpín, nípa ọkùnrin kan tó ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ò sì gbà kó gun òun. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́. Ó kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń fi ojú ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà.

Ìyá Fadérera ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Ìbídùn mọ̀ láti inú ògiri ni. Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì fi ọwọ́ bo ẹnu lójijì, ó ń wo àwọn tó yí i ká, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀.

"Kí ló dé?" Gbémiga bi í.

"Kò sí. Mo gbọ́ ẹ̀rín mi lẹ́nu ẹlòmíì ni."

Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ojú òtútù ló ń wò. Ara ogójì èèyàn gbóná. Páìpù ilé náà ò sì mọ̀ ju ti ẹni méjì lọ. Nígbà tó di aago méjìlá, abẹ́rẹ́ ti dé ìlà kẹta. Nígbà tó di aago kan, ó ti ń lọ sí kẹrin. Kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n lè ṣí. Òógùn ń ro lójú gbogbo wọn àfi Màámi, tí awọ ojú rẹ̀ gbẹ bí ìwé. Ó ń sọ̀tàn lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń dúró láàárín ọ̀rọ̀.

Lọ́rùn Adégbìtẹ́, agbẹnusọ pariwo bí eṣinṣin, ó gbóná, ó sì kú. Ọmọkùnrin náà já a sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. Ohùn tirẹ̀ gan-an kéré, ó sì ń kálòlò díẹ̀. "Màmá ò... wọn ò làágùn."

Gbogbo ojú yí sí ibùsùn. Wọ́n ti ń wo Màámi láti aago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìbídùn rọ aṣọ tútù sí i níwájú orí. Kò sọ̀rọ̀, nítorí bó bá sọ̀rọ̀, á bú wọn.

"A óò máa gbé wọn," Gbémiga wí. "Bí wọ́n bá kọ́ sinimá yẹn, ẹ̀gbọ́n Ìbídùn, a ò ní dúró de kẹ̀kẹ́ kankan. Gbogbo wa la óò máa gbé Màmá lọ, lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ẹlòmíì gbè é. "Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Èèyàn mẹ́rin sí ẹnì kan."

"Mo búra," ni ẹni kẹta wí.

Ìbídùn dìde. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára láàárọ̀ yìí, ó tó mi. Ihò tí Ilé Ètò gbẹ́ yẹn tutù. Mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ lánàá. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀. Nísinsìnyí."

"Nísinsìnyí kẹ̀?" ni ẹni tó búra béèrè. "Ojú-Òpó ńkọ́?"

"Á kọ orúkọ yín. Lójoojúmọ́ lẹ ní ẹ óò máa gbé wọn, àbí? Lójoojúmọ́ ni oòrùn á máa ràn. Bí ẹ ò bá lè gbé wọn lónìí tí wọ́n ń kú lójú yín, ẹ ò ní lè gbé wọn lọ́la tí ẹ bá ń sáré lọ mú àga."

Wọ́n gbọ́ bí páìpù ṣe ń mí. Abẹ́rẹ́ ti bọ́ sórí ìlà kẹrin.

Ìyá Fadérera di ògiri mú, ó dìde. Òun tó gbin àjẹ̀ sísàlẹ̀. "Wọ́n ní kòtò ìlú máa ń tutù," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìsinmi. Níbo lẹ ní nǹkan tí a máa fi gbé wọn?"

"Inú àpótí tí Bàbá Orímisan jókòó lé," Màámi dáhùn láìlajú.

Wọ́n ṣí àpótí. Aṣọ funfun náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ká a mẹ́jọ, ó ti pọ́n létí, ó ṣì ń rùn bí iyọ̀. Ìbídùn ò mọ̀ pé ìyá òun gbé e bọ̀. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé àjẹ̀ nìkan ni ilé kọ̀ọ̀kan rí gbé.

Ihò ti wà létí aṣọ náà níbi tí òpó máa ń gbà kọjá. Wọ́n ti àjẹ̀ méjì méjì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbé Màámi sí àárín. Gbémiga mú iwájú lọ́tùn-ún, Ìyá Fadérera mú iwájú lósì. Ìbídùn mú ẹ̀yìn kan. Igun kẹrin ṣẹ́kù. Ọmọ Ilé Ètò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé orí.

"Ẹ fún mi ní ibẹ̀ yẹn," ó ní.

Ìbídùn ṣí ilẹ̀kùn.

Ooru náà lù wọ́n bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ojú ààrò búrẹ́dì. Ilẹ̀ ń jó wọn láti abẹ́ bàtà. Lórí òpó, ẹ̀rọ náà yí ojú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó pe ti Ìbídùn. Ó pe ti Gbémiga. Àwọn tó kù ń jáde lẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ bo orí, àwọn kan na aṣọ sókè lórí Màámi kí ó lè rí ibòji. Ẹni tó búra náà jáde, nígbà tí ó rí i pé òun nìkan ló fẹ́ ṣẹ́kù nínú yàrá. Ojú-Òpó pe orúkọ fún wọn títí tí ohùn rẹ̀ fi ń há.

Ìbídùn ń ka ìṣísẹ̀. Kò gbàdúrà, ó ń kà. Nígbà tó ka ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ lára igi. Ní àádọ́jọ, Adégbìtẹ́ kọsẹ̀, Bàbá Orímisan fi èjìká gba igun rẹ̀, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Igba ó lé méjìlá ni ìṣísẹ̀ tó gbé wọn dé àtẹ̀gùn. Ó tọ́jú iye náà sínú bó ṣe máa ń tọ́jú ìwọ̀n páìpù.

Nísàlẹ̀ ihò, atẹ́gùn tutù bí inú àmù. Wọ́n gbé Màámi kalẹ̀ lórí aṣọ rẹ̀. Ìbídùn gbé etí lé e láyà. Ó ń lù, ó yára, ṣùgbọ́n ó ń lù. Ó bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹ.

Ó tó ìdajì wákàtí kí Màámi tó lajú. Ó wo ògiri pupa tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Mo yà sọ́tùn-ún jù," ó ní. "Ẹ gbé mi sáàárín. Ta ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wo sinimá?"

Wọ́n gbé e sáàárín. Ó na ọwọ́. Ìbídùn tú àjẹ̀ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó sì gbé e fún un. Arúgbó náà ò jẹ́ kí wọ́n bá òun mú un. Ó yí ewé rẹ̀ délẹ̀, ó sì tì í mọ́ ilẹ̀ rírọ̀ náà títí ó fi dúró.

"Apá òkè lèyí," ó ní. "Ibi tí mo bá jókòó sí ni apá òkè."

Bàbá Orímisan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kà á mọ́ ogún tó wà lókè.

Ìbídùn ò jókòó. Ọ̀rọ̀ náà ti tán, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Gbogbo wọn ló gbé Màámi wá lónìí nítorí pé ó wà lójú wọn. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó yọ orí lábẹ́ páànù láti wo bóyá oòrùn ti ń rọ̀. Kò rọ̀. Àdúgbò náà dá wáí, ilé tò lọ ní ìlà kan, fèrèsé gbogbo wọn sì wà ní títì.

Ọ̀kan ṣí bó ṣe ń wò ó. Ilé Bàbá Mákinwá ni, ní ìpẹ̀kun ìlà náà, ọkùnrin tí kò tíì dìde lórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé láti ọdún méje. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ihò pẹ̀lú wọn, ó ń nu òógùn; ó ti sáré gbé àjẹ̀ wọn fún un nílé nígbà tí fèrè dún. Àjẹ̀ kan yọ lójú fèrèsé náà, ó ń mì, bí ẹni pé ọwọ́ tó dì í mú ò lágbára. Ewé rẹ̀ kọjú sókè.

Ìbídùn yíjú padà sínú ihò.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ gbé aṣọ yẹn fún mi."